Ta Ni Ó Fi Ìyà Jẹ Ẹ́? Àgbéyẹ̀wò Ojú tí Àwọn Ìwé Ìtọ́jú Fi Wo Aya tí Ọkọ Ń Lù

Ìfáàrà

Ọ̀nà méjì ni èdè Yorùbá ní láti fi sọ pé ẹnì kan rí ibi lọ́wọ́ ẹnì kejì. A lè wí pé 'Aya náà jìyà'. A sì lè wí pé 'Ọkọ fi ìyà jẹ aya náà'. Nínú gbólóhùn àkọ́kọ́, aya ni olùwà, òun ni ó ń jẹ, ìyà ni àbọ̀; ẹni tí ó gbé ìyà kalẹ̀ kò sí níbẹ̀ rárá. Nínú gbólóhùn kejì, 'fi' wọlé, ó sì mú olùwà tuntun dání. Ọkọ bọ́ síwájú, aya di ẹni tí a ṣe nǹkan sí. Àwọn onígírámà ti wí púpọ̀ lórí 'fi' yìí, kò sì sí ìdí láti tún un wí níhìn-ín. Ohun tí ó kan bébà yìí ni pé ìyàtọ̀ náà kò mọ sí orí gírámà nìkan. Odidi ìwé ni a lè fi ìhun gbólóhùn àkọ́kọ́ kọ, kí orúkọ ọkọ sì máa wà ní gbogbo ojú ìwé rẹ̀. Odidi ọ̀nà ìtọ́jú ni a sì lè gbé ka orí irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ìtọ́jú ọkàn ẹni tí a ti lù, tí a ti bú, tí a ti há mọ́ inú ilé fún ọdún gbọọrọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ egbòogi tàbí abẹ́rẹ́ ní pàtàkì. Ìtàn ni ó jẹ́. Ẹni tí ó wá gba ìtọ́jú a sọ ìtàn. Olùtọ́jú a gbọ́ ọ, a tún un tò, a sì dá a padà fún un ní ọ̀nà mìíràn, pẹ̀lú ìrètí pé ọ̀nà tuntun náà yóò ṣeé fi gbé ayé. Nítorí náà, àwọn ìbéèrè tí lámèyítọ́ máa ń bi ìwé ìtàn àròsọ kò ṣe àjèjì sí iṣẹ́ yìí: níbo ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀? Ojú ta ni a fi wò ó? Ta ni olú ẹ̀dá-ìtàn, ta ni a sì sọ di òjìji lásán? Ìyàtọ̀ kan wà ṣá. Bí lámèyítọ́ bá ṣi ìwé kà, kò sí ẹni tí yóò tìtorí rẹ̀ kú. Bí olùtọ́jú bá ṣi ìtàn aya kan kà, tí aya náà sì padà sí ilé ọkọ ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó lè kú.

Àwọn ìwé tí a ó yẹ̀ wò wá láti Amẹ́ríkà jù lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni àríyànjiyàn náà ti gbóná jù láti àárín ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá. Ọkùnrin pàápàá wà tí aya ń fi ìyà jẹ. Ṣùgbọ́n obìnrin ni àwọn ìwé wọ̀nyí gbé ka iwájú, òun náà ni bébà yìí yóò sì tẹ̀ lé.

Ìtàn tí Ọkọ Sá Jáde Nínú Rẹ̀

Ní ọdún 1964, àwọn dókítà mẹ́ta, Snell, Rosenwald àti Robey, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú Archives of General Psychiatry. 'The Wifebeater's Wife' ni wọ́n pè é. Àkọlé náà tó ìdúró sí. Bí a bá gbé e wá sí Yorùbá, 'aya ẹni tí ń lu aya' ni. Ẹni tí ń luni wà nínú àpólà náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yán ni ó jẹ́. Aya ni orí. Ọwọ́ tí ó luni ti di àpèjúwe fún ara tí a lù.

Ilé ìtọ́jú kan tí ó so mọ́ kóòtù ní Framingham, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ni iṣẹ́ náà ti jáde. Ọkùnrin 37 ni ọ̀rọ̀ kọ́kọ́ kàn, àwọn tí aya wọn pè lẹ́jọ́ pé wọ́n lu àwọn. Ìdílé 12 ni àwọn dókítà náà wá yẹ̀ wò fínnífínní. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí ni ó yẹ kí ó gba àfiyèsí ẹni tí ó mọ bí a ti ń ka ìtàn. Àwọn ọkọ kò fẹ́ gbà pé nǹkan kan ń ṣe nínú ilé wọn. Àwọn aya ní tiwọn múra tán láti sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ojú ìwádìí ṣe kúrò lára ẹni tí a fẹ̀sùn kàn, tí ó bọ́ sí ara ẹni tí ó fẹ̀sùn kàn án. Kò sí ẹni tí ó jókòó pète èyí. Ẹni tí ó sọ̀rọ̀ ni a yẹ̀ wò, nítorí pé ó sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó panu mọ́ ni a fi sílẹ̀, nítorí pé ó panu mọ́. Ìsọ̀rọ̀ aya ni ó sọ ọ́ di aláìsàn.

Àbájáde ìwádìí náà kò yani lẹ́nu nígbà náà. Wọ́n ní àwọn aya náà le, wọ́n já fáfá, wọ́n ń ṣe bí ọkùnrin, ara wọn sì tutù sí ọkọ ní ibùsùn. Àwọn ọkọ ní tiwọn jẹ́ onítìjú tí kò tíì já lẹ́nu ọmú ìyá. Ní ìgbà tí ọkọ bá mutí tí ó sì lu aya, àwọn méjèèjì ń rí nǹkan kan jẹ níbẹ̀: ọkọ a rí i pé ọkùnrin ni òun fún ìṣẹ́jú díẹ̀, aya a sì rí ìyà tí ó wù ú gbà fún ẹ̀ṣẹ̀ pé ó ń jẹ gàba lórí ọkọ. Ìjà náà jẹ́ òṣùwọ̀n tí ó mú kí ìgbéyàwó dúró déédéé.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí á bi ìtàn yìí ni ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí aya wọ iyàrá dókítà, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ìgbéyàwó. Bí ó bá le ní ọjọ́ náà, a kò lè mọ̀ bóyá líle ni ó bá wọ ilé ọkọ tàbí ilé ọkọ ni ó sọ ọ́ di líle. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń mutí tí ó sì ń luni gbọ́dọ̀ máa ka owó, kí ó máa ṣọ́ ilẹ̀kùn, kí ó máa fi ohùn líle bá ọmọ wí kí ọmọ má baà bí bàbá nínú. Ẹni tí ó bá rí i lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá yóò ní ó ń jẹ gàba. Àpá ni wọ́n rí. Wọ́n sì pè é ní orísun ọgbẹ́. Ní ti pé ara rẹ̀ tutù sí ẹni tí ń lù ú, bóyá ni a nílò dókítà mẹ́ta láti wá ìdí rẹ̀.

Ibì kan wà nínú àpilẹ̀kọ náà tí ó ṣòro láti gbàgbé. Àwọn òǹkọ̀wé béèrè ìdí tí àwọn aya wọ̀nyí fi lọ sí kóòtù ní àkókò tí wọ́n lọ, tí ó sì jẹ́ pé ìlùlù náà ti pẹ́. Ọ̀kan nínú ìdí tí wọ́n rí ni pé ọmọ tí ó ti ń dàgbà nínú ilé bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí ìjà náà. Òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ ìbá mọ ohun tí ó wà ní ọwọ́ rẹ̀. Ọmọ dìde sí bàbá. Ìyá rí i pé ìjà tí òun ti ń fara dà yóò mú ẹ̀jẹ̀ jáde lára ọmọ òun, tàbí kí ó sọ ọmọ náà di apànìyàn. Ó di kóòtù. Góńgó ìtàn nìyí. Ṣùgbọ́n lójú àwọn dókítà náà, ọmọ ni ó da òṣùwọ̀n rú. Ilé tí aya ti ń gba ìlù láìsí ẹni tí ó dá sí i ni ilé tí ó dúró déédéé. Ìgbà tí ẹnì kan dá sí i ni ìṣòro dé.

Kò tọ́ kí á fi ohun tí a mọ̀ lónìí dá àwọn ọkùnrin wọ̀nyí lẹ́bi ju bí ó ti yẹ lọ. Tíọ́rì ìgbà wọn ni wọ́n fi ka ohun tí ó wà níwájú wọn, tíọ́rì náà sì kọ́ wọn pé kò sí ohun tí ń dé bá ènìyàn tí kò ní ọwọ́ rẹ̀ nínú. Síbẹ̀, ó yẹ kí a rí i pé àṣìṣe wọn kì í ṣe ti àìgbọ́. Wọ́n gbọ́ àwọn obìnrin náà. Gbólóhùn 'jìyà' ni wọ́n fi gbọ́ wọn, àti olùwà rẹ̀ kan ṣoṣo.

Aya àti Ajá

Kì í ṣe ilé ìwòsàn ni àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1971 ni Erin Pizzey ṣí ilé ààbò kan ní Chiswick, ní London, tí àwọn obìnrin ń sá wá pẹ̀lú ọmọ. Ní ọdún 1974 ni ìwé rẹ̀ nípa wọn jáde. Irú ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Amẹ́ríkà náà kí ọdún mẹ́wàá náà tó parí. Ohun tí wọ́n ṣe fún ìmọ̀ rọrùn láti sọ: wọ́n kó àwọn tí ó ní ìtàn jọ sí ibì kan, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ti ara wọn.

Inú afẹ́fẹ́ yìí ni Lenore Walker ti kọ The Battered Woman ní ọdún 1979. Ìmọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ohun méjì ni ìwé náà gbé kalẹ̀, ó sì yẹ kí á yà wọ́n sọ́tọ̀, nítorí pé ọ̀kan dára ju èkejì lọ jìnnà.

Èyí tí ó dára ni àlàyé rẹ̀ lórí bí àkókò ti ń yí nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Ó ní ìpele mẹ́ta ni ó ń tẹ̀ lé ara wọn: ìgbà tí ojú ọ̀run ń ṣú, tí ọkọ ń kanra, tí aya ń rìn pẹ̀lú ìṣọ́ra, ìgbà tí òjò ìlù rọ̀, lẹ́yìn náà ìgbà tí ọkọ ń bẹ̀bẹ̀, tí ó ń ra nǹkan wálé, tí ó ń búra. Lẹ́yìn èyí, ojú ọ̀run a tún ṣú. Lójú lámèyítọ́, àhunpọ̀ ìtàn ni Walker ṣàwárí, èyí tí 1964 kò ní. Ọkọ ti padà wọ inú ìtàn, ó sì ní ìṣe: òun ni ó ń kanra, òun ni ó ń lù, òun ni ó ń bẹ̀bẹ̀. A sì ti rí ìdáhùn sí ìbéèrè tí gbogbo ará àdúgbò ń béèrè, pé kí ni obìnrin náà ń dúró ṣe. Ìpele kẹta ni ó ń dúró dè. Ọkọ tí ó wà nínú ìpele kẹta ni ó fẹ́, ó sì mọ̀ pé ẹni náà wà lóòótọ́. Kì í ṣe gbogbo ilé ni ìlù ti ń tẹ̀ lé ìpele báyìí, a sì ti fi èyí bá Walker wí. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó bá ara wọn nínú àwòrán náà pọ̀.

Èyí tí kò dára tó o ni ajá. Ní ọdún 1967 ni Martin Seligman àti Steven Maier tẹ ìdánwò kan jáde tí wọ́n fi ajá ṣe. Wọ́n fi iná mànàmáná ta àwọn ajá kan ní ọ̀nà tí kò sí ohun tí ajá lè ṣe láti dá a dúró. Lẹ́yìn èyí, wọ́n gbé wọn sínú àpótí tí ó ní ìdènà kúkúrú láàárín. Bí ajá bá fo ìdènà náà, iná kò ní ta á mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fò. Wọ́n dùbúlẹ̀, wọ́n ń ké. A ní láti wọ́ irú ajá bẹ́ẹ̀ kọjá lọ́pọ̀ ìgbà kí ó tó mọ̀ pé ọ̀nà wà. Àwọn onímọ̀ náà ní ajá ti kọ́ pé kò sí ohun tí òun lè ṣe. Walker mú àlàyé yìí, ó sì fi ka aya tí kò jáde.

A gbà pé àánú ni ó mú un ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ fi hàn pé ìyà ni ó sọ obìnrin náà di bẹ́ẹ̀, kì í ṣe pé bẹ́ẹ̀ ni a dá a. Àmọ́ àfiwé kì í gbé ẹyọ nǹkan kan wá. Ó máa ń kó gbogbo ẹrù rẹ̀ dání. Ní òdìkejì ìdènà inú àpótí, kò sí ewu. Ajá tí ó bá fò ti bọ́. Ní òdìkejì ilẹ̀kùn ilé ọkọ, ọkọ ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìwádìí tí Jacquelyn Campbell ṣe olórí rẹ̀ ní ìlú 11 ní Amẹ́ríkà, tí ó jáde ní ọdún 2003, fi hàn pé bí obìnrin bá kúrò lọ́dọ̀ ọkùnrin tí ó ń káni lọ́wọ́ kò, ewu pé ọkùnrin náà yóò pa á ń pọ̀ sí i gidigidi. Aya tí kò jáde lè jẹ́ ẹni tí ó mọ ìṣirò. Ìtàn ajá kò ní àyè fún èyí, nítorí pé nínú rẹ̀, ẹni tí kò fò ti ṣìnà ní dandan.

Ní ọdún 1988, Edward Gondolf àti Ellen Fisher tẹ ìwé jáde lórí àkọsílẹ̀ àwọn obìnrin tí ó lé ní 6,000 ní àwọn ilé ààbò ní Texas. Wọ́n rí i pé bí ìyà náà ti ń le sí i ni àwọn obìnrin náà ń wá ìrànlọ́wọ́ sí i: ọlọ́pàá, ìjọ, ìdílé, agbẹjọ́rò. Àwọn tí wọ́n lọ bá ni kò dáhùn dáadáa. Bí a bá fẹ́ lo ọ̀rọ̀ Walker, àwọn ọ́fíìsì ni ó kọ́ láti má lè ṣe nǹkan kan. Èyí tí ó tún jọni lójú ni ohun tí Maier àti Seligman fúnra wọn kọ ní ọdún 2016, nígbà tí wọ́n wo ọpọlọ wò: wọ́n ní orí kodò ni àwọn gbé àlàyé ọdún 1967 dúró lé. Dídùbúlẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹ̀dá ń kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ara máa ń ṣe bí ìyà bá pẹ́. Ohun tí ẹ̀dá ń kọ́ ni pé òun ní agbára lórí ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Fún olùtọ́jú, ìyàtọ̀ náà kò kéré. Ẹni tí ó gba àlàyé àkọ́kọ́ yóò máa wá ẹ̀kọ́ burúkú tí yóò fà tu lọ́kàn obìnrin. Ẹni tí ó gba èkejì yóò máa wá ibi tí obìnrin náà ti lè di nǹkan kan mú ní ọwọ́ ara rẹ̀, bí ó ti wù kí ó kéré mọ.

Kóòtù ti gba ìtàn Walker wọlé ṣáájú ìgbà náà. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti Kánádà gbé ara lé e nínú ẹjọ́ Lavallee ní ọdún 1990, ó sì gba obìnrin náà là lọ́wọ́ ẹ̀bi ìpànìyàn. Ṣùgbọ́n ìtàn tí ó gbà ọ̀kan là lè há òmíràn mọ́. Aya tí ó bú ọkọ padà, tí ó ju àwo, tí ó ní owó tirẹ̀, kò jọ ajá tí ó dùbúlẹ̀. Bí ó bá dé iwájú adájọ́, wọn yóò ní kò jọ ẹni tí a lù. Ẹni tí 1964 ṣàpèjúwe ni, ó ti tún padà dé, kò sì tún rí ẹni gbà á gbọ́.

Judith Herman

Ìwé Judith Herman, Trauma and Recovery, tí ó jáde ní ọdún 1992, ni ó ní ìhun tí ó dára jù nínú gbogbo èyí tí ó wà nílẹ̀. Ohun tí ó ṣe ni pé ó gbé aya tí a lù kúrò láàárín àwọn aya, ó sì gbé e sí àárín àwọn ọmọ ogun tí ó ti ojú ogun bọ̀ àti àwọn tí ìjọba tì mọ́lé. Ẹnì kan kì í bi ẹlẹ́wọ̀n ìdí tí ó fi fẹ́ràn ẹ̀wọ̀n. Bí a bá ti gbà pé ilé lè jẹ́ ẹ̀wọ̀n, ìbéèrè náà bọ́ fúnra rẹ̀. Ó ní àìsàn kan wà tí ó jẹ́ ti ẹni tí a há mọ́ fún ìgbà pípẹ́, ó sì yàtọ̀ sí ti ẹni tí jàǹbá kan ṣoṣo bá. Ó tó ọgbọ̀n ọdún kí ìwé àkójọ àìsàn ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, èyí tí a fọwọ́ sí ní ọdún 2019 tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2022, tó fún irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ní àyè tirẹ̀.

Ìpele mẹ́ta ni ó fún ìtọ́jú: ààbò, ìrántí pẹ̀lú ọ̀fọ̀, ìpadà sí àárín ènìyàn. Àìgbọdọ̀mọ́wájú-ṣẹ̀yìn ni ti ìpele kìn-ín-ní. Olùtọ́jú tí ó bá ní kí aya sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, tí aya náà kò sì tíì ní ibi tí yóò sùn sí láìfòyà, ń ṣí ọgbẹ́ sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Kò sí àríwísí tí ó rọrùn lórí èyí. Ohun kan ni a lè wí, pé nínú ìwé náà, ìpele kejì ni ó ní adùn ìtàn. Ibẹ̀ ni òǹkọ̀wé àti òǹkàwé ti ń gbádùn. Ìpele kìn-ín-ní, tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́, owó ọkọ̀ àti ìwé kóòtù, kò ní adùn, ọ̀pọ̀ olùtọ́jú tí ó ka ìwé náà sì ń yára kọjá níbẹ̀.

Nígbà tí a bá pe Àwọn Méjèèjì Jókòó

Àgbọ́ẹjọ́ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò jiyàn èyí. Orí ìlànà yìí ni ìjókòó ẹbí dúró lé: bí ọkọ àti aya bá jà, a ó pe àwọn méjèèjì, àgbà yóò wà láàárín, oníkálùkù yóò sọ tẹnu rẹ̀ níṣojú ẹnì kejì, a ó sì parí rẹ̀. Ìtọ́jú tọkọtaya ti àwọn òyìnbó kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí i; àga mẹ́ta ni, dókítà wà ní ipò àgbà. Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé wa gidigidi. Nínú ìwádìí ètò ìlera tí a ṣe ní Nàìjíríà ní ọdún 2018, ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn obìnrin ọmọ ọdún 15 sí 49 ni ó sọ pé a ti lu àwọn rí láti ìgbà tí wọ́n ti pé ọmọ ọdún 15. Nínú àwọn tí ó sì wá ìrànlọ́wọ́, ẹbí ara wọn ni ọ̀pọ̀ jù lọ gbà lọ.

Ìlànà gbígbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì gba ohun kan ní àìsọ: pé àwọn méjèèjì lè sọ òótọ́ láìbẹ̀rù, wọ́n sì lè jọ padà sílé. Ibi tí ọ̀kan bá ti ń bẹ̀rù èkejì, kì í ṣe ẹnu méjì ni àgbà ń gbọ́. Ẹnu ọkọ ni ó ń gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bí aya bá sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, yóò san owó rẹ̀ ní alẹ́. Bí kò bá sọ ọ́, a ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó gbà. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi kọ̀ pé kí a má fi ìtọ́jú tọkọtaya ṣe ìtọ́jú ẹni tí ó ń lu aya. Àwọn tí ó gbé òfin náà kalẹ̀ ka ìjókòó náà dáadáa.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Ní ọdún 1995, Michael Johnson fi ẹ̀rí hàn pé ohun méjì tí ó yàtọ̀ ni a ń pè ní orúkọ kan: ìpániláyà, níbi tí ọkọ ti fi ìlù ṣe ọ̀kan nínú ọ̀pọ̀ irin iṣẹ́ láti ká aya lọ́wọ́ kò, àti ìjà tọkọtaya, tí ó ń bẹ́ sílẹ̀ nígbà tí inú bá bí wọn, tí ẹ̀rù kò sì sí láàárín wọn. Fún irú kejì, Sandra Stith àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ètò ọ̀sẹ̀ 18 kalẹ̀, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2004. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó jọ jókòó, a sì ń bi oníkálùkù léèrè ní ìkọ̀kọ̀ bóyá ara ń rọ̀ ọ́ nílé. Ètò náà tọ́ sí ìyìn. Kò tako òwe wa. Ó tẹ́tí sí ẹnu méjì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ wádìí bóyá ẹnu méjì wà.

Kí àgbà tí ó jókòó tó mọ irú ìjà tí ó wà níwájú rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ti bá aya sọ̀rọ̀ ní òun nìkan. Àṣà wa kò ṣàì mọ èyí. Ìyá ọkọ tí ó gbọ́n, tàbí ìyáálé, a máa pe ìyàwó wọ ìyẹ̀wù. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá sọ ní ìyẹ̀wù kì í dé gbọ̀ngàn, nítorí pé ẹbí ọkọ ni ó ni gbọ̀ngàn.

Ní ti ìtọ́jú ọkọ fúnra rẹ̀, Duluth ní ìpínlẹ̀ Minnesota ni orúkọ tí a mọ̀ jù. Ibẹ̀ ni Ellen Pence àti Michael Paymar ti bẹ̀rẹ̀ ètò wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ní ọdún 1984 ni wọ́n ya àwòrán àgbá kẹ̀kẹ́ tí ó fi bí ọkọ ti ń jẹ gàba hàn, láti inú ọ̀rọ̀ tí àwọn obìnrin sọ. Àwòrán náà dára, a sì ń lò ó títí di òní. Pence fúnra rẹ̀ kọ ní ọdún 1999 pé àwọn ti pinnu ṣáájú pé ìfẹ́ agbára ni ó ń ti gbogbo ọkọ, tí àwọn sì ń fi etí ìpinnu náà gbọ́ ohun tí àwọn ọkùnrin ń sọ, kódà nígbà tí wọ́n ń sọ nǹkan mìíràn. Ẹni mélòó nínú àwọn tí ó ní tíọ́rì ni ó kọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ rí?

Ẹni tí kò Tíì Jáde

Bí a bá ka àwọn ètò ìtọ́jú tí ẹ̀rí wọn lágbára jù lónìí, ohun kan a máa yọjú léraléra. Ètò tí Edward Kubany àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Hawaii, tí a fi obìnrin 125 dán wò tí a sì tẹ̀ jáde ní ọdún 2004, dojú kọ ẹ̀bi: èrò obìnrin pé òun ni òun fa ìlù, pé ó yẹ kí òun ti mọ̀, pé òun ba ilé àwọn ọmọ jẹ́. Olùtọ́jú a máa bá a tú èrò wọ̀nyí palẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ní ìjókòó bí i mẹ́jọ sí mọ́kànlá. Ọ̀pọ̀ ni ara rẹ̀ yá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ wọ ètò náà gbọ́dọ̀ ti kúrò lọ́dọ̀ ọkùnrin náà. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2013 náà wí bẹ́ẹ̀: ìtọ́jú tí ó kan títún ìrònú ṣe, àti èyí tí a ń fi ìyírapadà ojú ṣe, wà fún obìnrin tí ọgbẹ́ ọkàn ń dà láàmú, tí ìyà náà sì ti dáwọ́ dúró. Fún ẹni tí ó ṣì wà nínú rẹ̀, ohun tí ìlànà náà kọ́kọ́ béèrè ni pé kí a gbọ́ ọ, kí a gbà á gbọ́, kí a bá a wá ààbò.

Ìdí rẹ̀ yé ni. Herman ti sọ ọ́. Kò sì yẹ kí á fi ṣẹ̀sín. Síbẹ̀, ó túmọ̀ sí pé ìtàn tí ìmọ̀ ìtọ́jú mọ̀ ọ́n sọ dáadáa ni èyí tí ó ti parí, tí ọkọ ti di ẹni àná nínú rẹ̀. Gbólóhùn rẹ̀ ti tún di 'jìyà'.

Iṣẹ́ kan wà tí ó gba ọ̀nà mìíràn, tí ẹni tí ó kọ ọ́ kò sì pè é ní ìtọ́jú ọkàn. Cris Sullivan ní Michigan ni ó ṣe é, òun àti Deborah Bybee sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1999. Wọ́n kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì bí a ti ń bá obìnrin tí ó ti ilé ààbò jáde rìn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá: láti wá ilé, láti wá iṣẹ́, láti dúró tì í ní kóòtù, láti wá ẹni tí yóò máa wo ọmọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kò bi obìnrin léèrè ìwà rẹ̀. Obìnrin náà ni ó ń sọ ohun tí ó nílò, akẹ́kọ̀ọ́ a sì bá a lépa rẹ̀. Kò sí apá kankan nínú àbájáde náà tí a ti ṣàpèjúwe irú ẹni tí aya jẹ́. A kò mọ̀ bóyá ó le tàbí ó rọ̀, bóyá ó já fáfá. Obìnrin 278 ni ó wà nínú ìwádìí náà, a sì tẹ̀ lé wọn fún ọdún méjì. Nínú àwọn tí ó rí alábàárìn, ẹnì kan nínú mẹ́rin ni a kò fi ọwọ́ kàn mọ́ ní gbogbo ìgbà náà. Nínú àwọn tí kò rí, ẹnì kan nínú mẹ́wàá ni. Àwọn mẹ́ta yòókù nínú mẹ́rin, àwọn tí ó rí alábàárìn tí a sì tún lù, wà nínú táńbìlì náà pẹ̀lú, lábẹ́ orí ọ̀rọ̀ tí ó sọ ohun tí ọkùnrin ṣe sí wọn.